Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin onígìtá Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀: ẹni tí kò bá ṣí bíríìjì yín kúrò kò tún un ṣe

Ẹ̀yin onígìtá Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Àjàsẹ́-Ìpo àti gbogbo agbègbè wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó gbé gìtá yín fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nígboro Ìlọrin ti ba gìtá mi jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bà á jẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló gbowó. ₦25,000 lákọ̀ọ́kọ́, ₦12,000 lẹ́ẹ̀kejì. ₦37,000! Ó tún yọ sàdúlù eegun tó wà lórí rẹ̀ lọ, ìyẹn pẹlẹbẹ tóóró tí okùn gùn lé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọwọ́ iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ dá mọ̀, kí ẹ lè sá fún un níbikíbi tí ẹ bá ti rí i.

Yamaha F310 ni gìtá náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ọ́n dáadáa. Kì í ṣe gìtá olówó ńlá, ṣùgbọ́n tèmi ti gbó, ohùn rẹ̀ ti là. Ọyẹ́ oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ọyẹ́ máa ń fa omi inú igi gbẹ, pákó á sún kì, gúlúù tó ti ń rẹ̀ á jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀yìn bíríìjì, ìyẹn igi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ikùn gìtá tí okùn so mọ́, gbé sókè. Bébà tí mo kì bọ abẹ́ rẹ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà kan. Okùn náà bá ga. Ní fúrẹ́ẹ̀tì 12 (fúrẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tóóró tó dábùú ọrùn gìtá), okùn tó nípọn jù fi mílímítà 4 jìnnà sí irin, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 2.5 ló yẹ kó jẹ́, kí èyí tó tín-ín-rín jù sì wà ní bíi 2.

Iṣẹ́ mẹ́ta péré ni mo gbé fún un: kó ṣí bíríìjì kó tún un lẹ̀, kó sọ okùn kalẹ̀, kó sì fi okùn tuntun sí i. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, bọ̀dá, iṣẹ́ kékeré nìyẹn." Ó gba gbogbo owó ṣáájú. Wákàtí méjì lẹ́yìn náà ó pè mí pé kí n wá gbé e.

Wákàtí méjì! Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti mọ̀. Gúlúù igi kì í gbẹ tó láti gbé okùn ní wákàtí méjì, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún gbé gìtá náà lọ sílé. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má bú mi ju bó ṣe yẹ lọ o. Gìtá mẹ́rin ló wà lára ògiri rẹ̀, ó mú ọ̀kan lójú mi, ó ta á, ọwọ́ rẹ̀ dán. Ta ni nínú yín tí kò ní gbà á gbọ́? Ẹni tó mọ gìtá ta àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àmọ́ kò kọ ọ́ síwájú orí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo délé, mo tan iná fóònù sí ẹ̀yìn bíríìjì. Nǹkan funfun kan wà káàkiri etí rẹ̀, bí ìgbà tí èémí bá bo dígí, kò sì ṣeé nù. Èéfín súpà gúlúù ló máa ń sọ fáńíìṣì dà báyẹn. Kò ṣí bíríìjì náà rárá! Ńṣe ló da súpà gúlúù sábẹ́ ibi tó gbé sókè, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó parí. ₦25,000 fún súpà gúlúù! Ẹ wò ó, okùn irin mẹ́fà tí ìnípọn wọn jẹ́ ìdá 12 sí 53 nínú ẹgbẹ̀rún ìdá ínṣì kan, tí wọ́n bá ti fà wọ́n dé ohùn tó yẹ, nǹkan bíi 70 kìlógíráàmù ni wọ́n jọ ń fà lára bíríìjì. Àpò sìmẹ́ńtì kan kò ju 50 lọ. Súpà gúlúù máa ń gbẹ gan-an bíi gíláàsì, bí igi bá ti ń wú, tó ń sún kì, á fọ́ ni. Ohun tó tiẹ̀ burú jù ni pé ó máa ń wọ inú igi lọ, gúlúù gidi kì í sì í mú lórí rẹ̀ mọ́ àfi tí wọ́n bá ha á dé ojú igi tuntun. Ẹni tó bá dà á síbẹ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́.

Ti gíga okùn ńkọ́? Truss rod ló lọ fún pọ̀. Truss rod ni irin tó wà nínú ọrùn gìtá. Okùn ń fa ọrùn síwájú, irin náà ń fà á padà sẹ́yìn. Kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń sọ okùn kalẹ̀. Ìtẹ̀ kékeré tó wà lára ọrùn ló wà fún. Ẹ tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì 1, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọrùn ti pàdé ikùn gìtá, ní fúrẹ́ẹ̀tì 14, kí ẹ wá wo fúrẹ́ẹ̀tì 6 tàbí 7: àlàfo tó yẹ kó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.25 mílímítà, bí ìnípọn káàdì ìpè ìgbéyàwó. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo ni wọ́n ń yí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún okùn fà bọ̀ sípò, wọ́n á wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó tún yí i. Tèmi kò ní àlàfo kankan mọ́. Ọrùn ti yọ gẹ̀gẹ̀ sẹ́yìn, okùn sùn lé fúrẹ́ẹ̀tì 1 sí 3, gbogbo kọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ń kùn bí oyin. Nígbà tí mo fi kọ́kọ́rọ́ Allen, irin onígun mẹ́fà tí wọ́n fi ń yí i, kàn án láti dẹ̀ ẹ́, ńṣe ni kọ́kọ́rọ́ náà ń yí lọ nínú ihò rẹ̀ láìdi nǹkan kan mú. Ó ti ba ojú ihò tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ jẹ́.

Kí n tó gbé e lọ sílé rárá, ọkùnrin náà gbọ́ tí mo ní gìtá ń kùn. Ó ní kí n jókòó. Kò wo ọrùn, kò wọn nǹkan kan. Ó tú okùn sílẹ̀, ó mú sáńpépà, ó fi ń nu orí irin fúrẹ́ẹ̀tì lọ sókè lọ sísàlẹ̀ bí ẹni ń fá ìlẹ̀kùn! Kò lẹ nǹkan kan bo ojú igi. Kò fi fáìlì dá orí irin náà padà sí róbótó. Orí fúrẹ́ẹ̀tì tó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ kì í fi ojú kan gbé okùn, ohùn á máa ṣì, okùn á tún máa kùn sí i. Irin tí wọ́n bá sì ti fá lọ kò ṣeé dá padà, àfi kí wọ́n fa fúrẹ́ẹ̀tì náà tu, kí wọ́n kan tuntun. Ojú mi ló ti ṣe é. Mo wà níbẹ̀. Mi ò gba sáńpépà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní àwọn onímọ̀ ni, bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Okùn tuntun ńkọ́? Irọ́ ni! Lábẹ́ okùn mẹ́ta tó nípọn, ojú fúrẹ́ẹ̀tì ti dá ihò wẹ́wẹ́ sára wọn, ẹ fi èékánná gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ẹ óò mọ̀ ọ́n. Níbi tí okùn ti yí mọ́ orí ọrùn, ìkákò méjì ló wà lára okùn kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé wọ́n ti ká a mọ́ gìtá mìíràn rí. Okùn tó tú lára gìtá ẹlòmíì ló tà fún mi.

Sàdúlù ló dùn mí jù. Eegun màlúù ni tèmi, mo ti sanwó kí wọ́n tó bá mi gé e, ó sì ní ìlà pupa rúsúrúsú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, lábẹ́ okùn kẹta. Èyí tí mo bá lórí gìtá funfun báláú, kò ní ìlà kankan. Mo yọ ọ́, mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kan abẹ́ rẹ̀. Ó yọ́. Eegun kì í yọ́. Òórùn irun tó jóná ló máa ń ní. Rọ́bà ni! Ta ló ń jí sàdúlù?

Ọjọ́ kẹjọ ni bíríìjì tún gbé sókè. Mo gbé e padà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbé e padà fún ọkùnrin kan náà, ẹ máa sọ ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ. Owó mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo rò pé ó yẹ kó tún iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó ní èmi ni mo fa okùn jù. Okùn tí òun fúnra rẹ̀ fi sí i! Ó gba ₦12,000 sí i, ó ní "eléyìí ò ní ṣí láéláé." Ó ki súkúrúdíráfà bọ abẹ́ bíríìjì, ó fi ipá gbé e, pákó iwájú gìtá sì bá a ṣí lọ ní wẹ́wẹ́, ojú ibẹ̀ dà bí iṣu tí wọ́n fi ọ̀bẹ kíkú bó. Ó da gúlúù funfun káfíńtà lé orí súpà gúlúù tó ti gbẹ. Ó lu ihò méjì, ó fi bóòtì méjì dè é.

Mo mọ̀ pé àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fi bóòtì kún bíríìjì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ gúlúù ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí bóòtì nìkan bá ń fara da ẹrù náà, ojú kan sí méjì ni gbogbo ìfà á kó sí, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á sì ya. Tèmi ti ya láti ihò bóòtì kan dé ìdí bíríìjì, èékánná ń wọ inú rẹ̀. Kò tíì tán o. Kò wọn ibi tó gbé bíríìjì sí. Gígùn okùn F310 jẹ́ 634 mílímítà. Láti pẹlẹbẹ òkè ọrùn tí okùn gba orí rẹ̀ kọjá dé fúrẹ́ẹ̀tì 12 jẹ́ 317, láti fúrẹ́ẹ̀tì 12 dé sàdúlù sì gbọ́dọ̀ tó 317, kó tún lé díẹ̀. Tèmi jẹ́ 313! Ní fúrẹ́ẹ̀tì 12, túnà, ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn, ní ohùn fi ohun tó lé ní 20 cent ga jù, bẹ́ẹ̀ 100 cent péré ló wà láàárín fúrẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì. Kò sí bí ẹ ṣe lè tún un fà tí kọ́ọ̀dù òkè á bá ti ìsàlẹ̀ mu.

Láti ìgbà náà mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń tún gìtá ṣe gbọ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é dáadáa, ẹ má bínú, àmọ́ ibo lẹ wà? Àwọn tó ń ta okùn náà ń kó wa nífà, ẹ̀dà ni wọ́n ń tà nínú páálí orúkọ ńlá. Gbogbo wọn ni. Owó wa nìkan ni wọ́n ń wò.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n lẹ bíríìjì nìyí, ẹ kọ ọ́ sórí. Wọ́n á tú okùn kúrò, wọ́n á fi nǹkan bo pákó iwájú yíká. Wọ́n á fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù mú bíríìjì gbóná, wọ́n á máa ti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí kò mú wọ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìfipá, kódà bó gba wákàtí kan. Wọ́n á ha gúlúù àtijọ́ àti fáńíìṣì tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò títí igi á fi pàdé igi. Wọ́n á gbé e lé e lásán ná, wọ́n á tan iná sí i. Bí iná bá là kọjá, kò tíì dọ́gba. Wọ́n á wọn ipò rẹ̀. Ìgbà náà ni gúlúù igi fẹ́lẹ́ kan á tó kàn án, pẹ̀lú kíláǹpù mẹ́ta (irin tí wọ́n fi ń di nǹkan mú pọ̀) tó gba ihò ikùn gìtá wọlé àti pẹlẹbẹ igi nínú, kó má ba àwọn ọ̀pá inú jẹ́. Wákàtí 24 kí okùn tó gorí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó wo gíga okùn, torí bíríìjì tó bá sùn padà ti sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ìdí sàdúlù ni wọ́n ń ha: mílímítà 2 nídìí sàdúlù fún mílímítà 1 ní fúrẹ́ẹ̀tì 12.

Ìyókù rèé, ní kíákíá. Ẹ ya fọ́tò gìtá yín kí ẹ tó gbé e fún wọn: bíríìjì, sàdúlù, orí ọrùn, inú ikùn. Ẹ bi í pé gúlúù wo ló fẹ́ lò, kó sì kó kíláǹpù rẹ̀ jáde kí ẹ rí i. Bí kò bá ní, ẹ gbé gìtá yín. Ẹ má san ju ìdajì lọ ṣáájú. Bí bíríìjì bá ti ń gbé sókè, ẹ dẹ okùn lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi gìtá sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi kànìnkànìn tútù tí ẹ ti fún gbẹ sínú abọ́ ọṣẹ tó ní ihò, kí ẹ gbé e sínú àpótí gìtá.

Bí ọkùnrin náà bá ń ka èyí, ó mọ ara rẹ̀. Kó fi owó náà ra oògùn. Sàdúlù mi, èyí tó ní ìlà pupa lábẹ́ okùn kẹta, kó dá a padà.