Behringer UM2: sound card olówó pọ́ọ́kú tó tó fún ohùn èèyàn kan

Bí ẹ bá fẹ́ máa gba ohùn yín sílẹ̀ nílé, tí owó ọwọ́ yín kò sì pọ̀, Behringer UM2 ni kí ẹ rà. Sound card ni, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máíkì wọ inú kọ̀ǹpútà. Àlọ́ ni mo máa ń pa fún àwọn ọmọdé. Inú yàrá mi n'Íbàdàn ni mo ti ń gbà á sílẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù, àbúrò mi ọkùnrin a sì máa lu gángan sí i. UM2 la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò rẹ̀ o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí kọ̀ǹpútà òde òní tí kò ní sound card tirẹ̀ nínú. Ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ orin, kó wo fíìmù, kó bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí Zoom, ìyẹn ti tó o. Kó fi owó rẹ̀ ra hẹ́dìfóònù gidi. Gbígba ohùn sílẹ̀ ló yàtọ̀. Fáànù ń yí, iná ń lọ ń bọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ariwo wọn a sì máa yọ́ wọ inú ohùn. Ẹ lè má mọ̀ bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ sókè. Ṣùgbọ́n bí Ìjàpá bá ń ránmú sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí Yánníbo létí, ariwo ṣíì yẹn ni ọmọ á máa gbọ́ dípò ọ̀rọ̀.

Iná máíkì tún wà ńbẹ̀. BM-800 tí wọ́n ń tà káàkiri Computer Village n'Íkẹjà, condenser ni, irú máíkì bẹ́ẹ̀ sì ń fẹ́ iná 48V kó tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 3.5 mm ló máa ń wà nínú páálí rẹ̀, ihò kékeré ara láptọ́ọ̀pù kò sì lè fún un ní 48V. Bí ẹ bá kì í bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ohùn yín á dún bí ti ẹni tó ń pe èèyàn látinú kànga, ẹ ó sì rò pé ayédèrú máíkì ni wọ́n tà fún yín. Máíkì kò ṣẹ̀, iná ni kò tó o. UM2 ní 48V yìí. Ẹ kọ́kọ́ yí ohùn hẹ́dìfóònù wálẹ̀ kí ẹ tó tàn án, kó má baà dún "pàà" sí yín létí.

Àpótí oníke kékeré ni. Wáyà USB kan ṣoṣo ló ń gbé ohùn, òun náà ló ń gbé iná wọ̀ ọ́, kò nílò adápítọ̀. Bí ẹ bá so ó mọ́ Windows, "USB Audio CODEC" ni ẹ máa rí, ẹ ò ní rí Behringer nínú orúkọ náà. Òun náà ni, ẹ yàn án. Ihò àkọ́kọ́ ń lọ sí etí òsì, èkejì sí etí ọ̀tún, nítorí náà ẹni tó bá gba ohùn sílẹ̀ ní stereo (òsì lọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀) á gbọ́ ara rẹ̀ ní etí kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, ẹ má gbé e padà fún ọlọ́jà. Ẹ yan mono (ohùn kan náà fún etí méjèèjì) nínú Audacity, ìyẹn app tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ parí.

Gángan ló jẹ́ kí n mọyì iná kékeré tí wọ́n kọ CLIP sí. Ohùn ẹnu a máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹgọ́ kì í kìlọ̀ kó tó balẹ̀ lórí awọ. Bí iná yẹn bá tàn, ohùn ibẹ̀ ti já, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá sí i lẹ́yìn náà. Mo máa ń ní kí àbúrò mi kọ́kọ́ lu ibi tó le jù nínú ìlù náà, èmi á máa yí kókó ihò kìíní sẹ́yìn títí iná náà á fi kú, màá tún dín in díẹ̀ sí i. Nínú Audacity, mo fẹ́ kí ibi tó ga jù dúró ní nǹkan bí -10 dB (0 ni òkè tí ohùn ti ń já).

Àwọn ọlọ́jà á sọ fún yín pé 16-bit àti 48 kHz tí UM2 ní (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ẹ̀rọ ṣe ń gba ohùn sílẹ̀) ti kéré, pé 24-bit àti 192 kHz ló lòde. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn gbowó lọ́wọ́ yín. CD tí a fi gbọ́ fújì àti jùjú, 16-bit àti 44.1 kHz ni. Ibi tí 24-bit ti sàn ni pé ẹ lè gba ohùn sílẹ̀ nísàlẹ̀ gan-an láìbẹ̀rù ariwo, ẹni tó ń to ohùn àti ìlù púpọ̀ léra wọn á sì mọ ìwúlò rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó fowó kún owó, kó ra Behringer UMC202HD, tàbí Focusrite Scarlett 2i2 bí agbára bá gbé e. Méjèèjì ní ihò máíkì méjì.

Níbi ihò yìí gan-an ni UM2 ti kù díẹ̀ káàtó. Máíkì XLR (tí ẹnu wáyà rẹ̀ ní pínnì mẹ́ta) kan ṣoṣo ló gbà. Ihò kejì, ti gìtá ni. Èèyàn méjì tó fẹ́ jókòó fọ̀rọ̀ wérọ̀, kò lè gbà wọ́n dáadáa. Ọgbọ́n tí èmi àti àbúrò mi ń dá ni pé mo máa ń sọ ìtàn sílẹ̀ ná, òun á wá gbé hẹ́dìfóònù sétí, á máa lùlù lé e. Bọ́tìnnì DIRECT MONITOR ló máa ń tẹ̀ nígbà náà, kó lè gbọ́ ìlù ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ gbé ìlù náà yípo kó tó dé etí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa falẹ̀. Ihò RCA (irú ihò róbótó tó máa ń wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n) ni UM2 fi ń gbé ohùn jáde sí spíkà, ẹ wo ẹnu wáyà spíkà yín kí ẹ tó kúrò nílé.

Wọn á tún gbé sound card mìíràn tó ń jẹ́ V8 síwájú yín, èyí tó kún fún bọ́tìnnì ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́. Ẹni tó ń fi fóònù ṣe ètò lójú ẹsẹ̀ lè gbádùn rẹ̀. Fún àlọ́, fún ìwàásù tí ẹ fẹ́ tọ́jú, mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ rárá.

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù àti hẹ́dìfóònù yín dání lọ sọ́jà. Computer Village kì í dákẹ́, nítorí náà ẹ yọ máíkì kúrò, ẹ yí kókó dé àárín, kí ẹ sì gba òfìfo sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ kùn-ùn, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù. Bó bá dákẹ́, ṣájà tàbí iná jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló fà á. Bí kò bá dákẹ́, ẹ ní kí wọ́n mú òmíràn wá. Èmi, orí bátìrì ni mo máa ń lò ó nílé. Ẹ ra wáyà XLR sí XLR mọ́ ọn lọ́jọ́ náà, torí èyí tó wà nínú páálí BM-800 kò wọ ihò UM2.