Abẹ ìbóèèpo tí máńgòrò mú mi rà

Ètè mi ló rán mi lọ ra abẹ yìí. Láti kékeré, eyín ni mo fi ń bó máńgòrò. Màá já orí rẹ̀, màá fa èèpo náà wálẹ̀, màá sì fi eyín họ inú rẹ̀ dáadáa kí n tó jù ú nù. Lọ́dún tó kọjá mo jẹ márùn-ún lẹ́sẹ̀ kan náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ètè mi ti wú, nǹkan kéékèèké ti sú yí ẹnu mi ká, ó sì ń yún mi bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Dókítà ní, "Ṣé inú rẹ̀ nìkan lẹ jẹ, àbí ẹnu lẹ fi bó o?" Ojú tì mí láti dáhùn.

Èèpo ni. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni máńgòrò, kajú àti ewé poison ivy tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sá fún, irú oje tó ń mú ara yún sì wà lára wọn. Ti máńgòrò wà nínú èèpo, ibi tó ti já lára igi ló sì ti ń pọ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo ara ló ń bá jà o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń jẹ tirẹ̀ tèèpo-tèèpo, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí padà: "Oògùn lo ń jù nù yẹn."

Abẹ náà rí bí igi kànnàkànnà: apá méjì, irin pẹlẹbẹ kan dábùú láàrin wọn, ó ń mì fúnra rẹ̀ bí èso bá ṣe yí. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Àwọn tí mo ti lò tẹ́lẹ̀, ojú kan ló máa ń mú, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Èyí mú lójú méjèèjì, ìyẹn nìkan tó kí n yìn ín.

Máńgòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, tó ṣì le díẹ̀, ni kó o fi dán an wò. Kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kúrò kí oje yẹn má bàa tàn kálẹ̀, fi aṣọ di ìdí rẹ̀ mú, kó o wá fà á wálẹ̀. Èèpo á máa já bọ́ bí ríbọ́ọ̀nù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí tó ti rọ̀ pátápátá, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu. Yóò fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, omi rẹ̀ á dé ìgúnpá. Là á sí méjì, kó o fi ṣíbí wa inú rẹ̀ jẹ.

Ìbẹ́pẹ ló bá a mu jù, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Tí kò bá tíì pọ́n, wàrà rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ irin náà, á sì dúdú síbẹ̀, nítorí náà fọ̀ ọ́ kíákíá. Ọ̀pẹ òyìnbó? Rárá. Ó ha síbi ojú àkọ́kọ́ tó kàn. Ọ̀bẹ gidi niṣẹ́ ìyẹn.

Mo dán an wò lára gúáfà náà, ẹ̀gbọ́n mi sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ló sọ lórí èyí. Gíráàmù 100 gúáfà ní nǹkan bí mílígíráàmù 228 fítámì C, ọsàn kò ju nǹkan bí 53 lọ, èèpo gúáfà kò sì le, kò korò, kò yúnni. Kí ni mo ń bó? Ní báyìí omi tó ń ṣàn ni mo fi ń fọ̀ ọ́, mo fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ yí ká, mo sì jẹ ẹ́. Kódà èyí tí mo fẹ́ bó, mo ń fọ̀ ọ́ ṣáájú, torí abẹ ló máa gbé ìdọ̀tí ẹ̀yìn wọ inú.

Àléébù rẹ̀: ìṣó kékeré tó di irin náà mú dípẹtà láàrin oṣù mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé kì í dípẹtà. Kò sì sí ohun tó ń dáàbò bo ìka. Ó ti gé àtàǹpàkò mi lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ tí mo ń yára ni méjèèjì.

Lóṣù tó kọjá ẹ̀gbọ́n mi wá yá a lọ́wọ́ mi. Ó ní òun fẹ́ fi bó ìbẹ́pẹ, pé èèpo rẹ̀ ti korò jù. Mo wò ó, n kò sọ̀rọ̀. Kò tíì dá a padà. Mo ti ra òmíràn.