Ẹlẹ́wà Marina Badagry tí kì í gba tìránsífà: ẹ mú káàṣì dání

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń bí mi nínú kí n tó yin Màmá tó ń ta ẹ̀wà àgọ̀nyìn ní Marina Badagry o: wọn kì í gba tìránsífà. Kò sí POS, kò sí nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tẹ́ ẹ bá na fóònù sí Màmá wọ́n á kàn máa wò yín bíi pé ejò lẹ nà sí wọn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo ti jẹun tán kí n tó mọ̀, bí mo ṣe ń wá POS kiri nínú oòrùn ọ̀sán nìyẹn, ẹni àkọ́kọ́ ní òun ò ní káàṣì, ìkejì ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa, ìgbà tí mo máa fi padà dé ọmọ tó ń bá wọn fọ abọ́ ti ń wò mí bí olè.

Síbẹ̀, Sátidé kan ò lè kọjá báyìí kí n má débẹ̀.

Ọ̀nà ibẹ̀ ò le. Láti Ráńdábáùtì, ẹ wọ máruwá tó ń lọ Marina, ẹ sọ̀ kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu, níbi táwọn àlejò ti máa ń lọ wo Point of No Return, ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀ òkun láyé àtijọ́. Ṣẹ́ẹ̀dì onípáànù kan ni, ó kọjú sí ọ̀sà, bẹ́ǹṣì gbọọrọ méjì, kò sí sáìnbọ́ọ̀dù. Ẹ̀wà àgọ̀nyìn ni wọ́n ń tà, kò sí nǹkan mìíràn àfi búrẹ́dì àti ẹja dídín.

Ẹ̀wà yẹn rọ̀ débi pé eyín ò níṣẹ́ kankan láti ṣe. Ibi ata niṣẹ́ wà. Màmá máa ń fi ẹ̀yìn ṣíbí gbẹ́ kòtò sáàárín ẹ̀wà, wọ́n á wá rọra da ata náà sí i, ata gbígbẹ tí wọ́n dín nínú epo pupa títí tó fi dúdú, àlùbọ́sà inú ẹ̀ ti jóná díẹ̀ létí, kò korò, kì í ta ahọ́n lójú ẹsẹ̀, ó máa ń dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e mì kó tó wá bá yín lọ́fun. Ẹja ni wọ́n ti ń fi rẹ́ wa jẹ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó ti kéré jù. Mo ti sọ fún wọn, wọ́n ní kí n lọ bá ẹja sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n iyàn gan-an ló ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀. Àwọn mẹ́ta kan wà tí wọn kì í kúrò lórí bẹ́ǹṣì ọ̀sì: Bàbá Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bọ̀bọ́ kan tó ń tún fóònù ṣe tó máa ń ra bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣẹ́ owó ní bọ́ọ̀dà Sẹ̀mẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Sẹ́fà, orúkọ owó CFA tí wọ́n ń ná ní Benin. Kò sí ohun tí gbogbo ayé gbà tí àwọn yẹn máa gbà.

Sátidé tó kọjá, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ayé ti fi káàṣì sílẹ̀, ẹ wá àkáǹtì." Màmá ní àlẹ́ẹ̀tì tó wọlé tí owó ò wọlé ńkọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi ṣe wọ́n. Ni bọ̀bọ́ fóònù bá fò sókè, ó ní báǹkì ni wàhálà wọn, bitcoin ò mọ fake alert, mílíọ̀nù 21 péré ló máa wà títí ayé, kò síjọba tó lè tẹ̀ ẹ́ bí ẹní ń tẹ ìwé ìròyìn. Ó ní oṣù kejì 2021 ni CBN ní kí báǹkì má bá àwọn oní-crypto, owó irú bitcoin, ṣe mọ́, oṣù kejìlá 2023 wọ́n tún yí ohùn padà, ṣé irú àwọn yẹn la máa gbọ́kàn lé? Ẹnì kan ní eNaira ńkọ́, náírà orí fóònù tí CBN gbé jáde ní 2021. A wo ara wa lójú, kò sí ẹni tó ní in lórí fóònù.

Bàbá Tíṣà nu ẹnu, wọ́n ní, "Kí là ń pè ní ọ̀kẹ́ kan?"

Bọ̀bọ́ ní, "20,000 ni, sà."

"20,000 kí ni?"

Ó dákẹ́. Bàbá ní owó ẹyọ ni! Ogójì lórí okùn kan, okùn 50 jẹ́ orí kan, orí mẹ́wàá kún àpò kan, àpò yẹn ni ọ̀kẹ́. Wọ́n ní erékùṣù Maldives lọ́hùn-ún, lójú òkun India, ni wọ́n ti ń kó o wá, kò sẹ́ni tó lè tẹ̀ ẹ́, ọba ò lè tẹ̀ ẹ́, òyìnbó ò lè tẹ̀ ẹ́, òun ni wọ́n sì fi ń ra ọmọ èèyàn níbí yìí gan-an ní ọjà ẹrú Vlekete. Lẹ́yìn 1845 ni àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg rí i pé oríṣi kan wà ní etíkun Zanzibar, tó tóbi jù ú lọ, tó sì pọ̀ bí iyanrìn, ni wọ́n bá ń fi ọkọ̀ kó o wá sí Ouidah, wọ́n ń kó o wá sí Èkó. Owó téèyàn ń dá gbé di ohun tí wọ́n ń bẹ aláàárù sí. Bàbá ní, "Kò sẹ́ni tó tẹ owó ẹyọ o. Etíkun mìíràn ni wọ́n rí."

Bọ̀bọ́ ní bitcoin ò ní etíkun mìíràn. Bàbá ní kó ṣí fóònù ẹ̀ kó ka iye oríṣi coin tó wà níbẹ̀. Márùn-ún ni, ọ̀kan ní àwòrán ajá. Mo rẹ́rìn-ín títí ata fi gba imú mi jáde.

Ká sòótọ́, bọ̀bọ́ náà ò purọ́ tán. Coin mìíràn tí wọ́n ṣe kì í di bitcoin, owó ẹyọ ti Zanzibar ni wọ́n ń kà mọ́ ti Maldives lórí okùn kan náà. Mo fẹ́ sọ ọ́ ṣùgbọ́n Sẹ́fà ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo wa.

Ó ní owó tí kì í mira ni sẹ́fà, 655.957 ni wọ́n ti so mọ́ yúrò kan láti 1999, orílẹ̀-èdè 14 ló ń ná an. Mo ní okùn tí Faransé so mọ́ wọn lọ́rùn nìyẹn. Ó ní, "Ajá tí wọ́n so ló ń róúnjẹ jẹ lásìkò." Bàbá Tíṣà ní ṣé ó rántí oṣù kìíní 1994, tí ilẹ̀ mọ́ tí sẹ́fà 50 tó ń gba fràǹkì Faransé kan di 100? Sẹ́fà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn láti ọgbọ̀n ọdún, naira tiyín ńkọ́, 460 àti díẹ̀ ni dọ́là kan ní báǹkì kó tó di oṣù kẹfà 2023, ọdún yẹn ò parí tó fi kọjá 900. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Màmá ló dá a lóhùn. Wọ́n fi ṣíbí ata nàka sí gbogbo wa, wọ́n kọ́kọ́ fi Ègùn bú wa, wọ́n ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ owó, kí lẹ fi jẹun ní oṣù kejì 2023?"

Ẹ ò gbàgbé, àbí? Ìgbà tí wọ́n ní 200, 500 àti 1,000 àtijọ́ ò ní ìníyelórí mọ́, tí tuntun ò sì sí, tá à ń fi owó ra owó, èèyàn ń san 1,000 kó tó gba 5,000 lọ́wọ́ POS. Mo ní, "Màmá, káàṣì tẹ́ ẹ fẹ́ràn yìí gan-an ló já yín sílẹ̀ nígbà yẹn o." Wọ́n ní ṣé tìránsífà lọ nígbà náà? Lóòótọ́, kò lọ, tèmi há fún ọjọ́ mẹ́rin. Ni wọ́n bá fa ilẹ̀kùn pákó ẹ̀yìn wọn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn kún fún ìlà ṣọ́ọ̀kì, oníkálukú pẹ̀lú ibi tiẹ̀, ẹlòmíì mẹ́rin, ẹlòmíì méje, wọ́n ti fa igi dábùú gbogbo ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló jẹ ẹ̀wà sórí ilẹ̀kùn yẹn, gbogbo wọn ló padà wá san án nígbà tí owó jáde, àfi ìlà méjì kan nísàlẹ̀ tí kò ní igi. Sẹ́fà wá ń wo ọ̀sà.

Ẹ̀wà 700, búrẹ́dì 500, ẹja 1,000. Tó bá ti kọjá aago mọ́kànlá, ìsàlẹ̀ ìkòkò lẹ máa bá. Wọ́n ń gba sẹ́fà o, tìránsífà ni wọn ò gbà, ẹ má bi mí. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání torí wọn kì í ní ṣéńjì, 300 tèmi ṣì wà lára ilẹ̀kùn, lókè lápá ọ̀tún, Sátidé tó ń bọ̀ ni mo máa lọ jẹ ẹ́.