Tíífí 4K yìí dáa, àmọ́ ó ń tú àṣírí idán inú fíìmù

Kí n má fepo bọ iyọ̀, tíífí yìí dáa, àwòrán ẹ̀ mọ́ gaara, àmọ́ tó bá jẹ́ fíìmù onídán, ìyẹn èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tàbí ọgbọ́n kámẹ́rà ṣe ohun tí kò sí, lẹ fẹ́ràn bíi tèmi, àwọn tí ẹranko abàmì ti ń jáde látinú òkun tí ilé gogoro sì ń wó lulẹ̀, ẹ múra sílẹ̀. Inṣì 55 ni, 4K. Píksẹ́lì, àwọn àmì tín-tìn-tín tó ń para pọ̀ di àwòrán, 3840 ló wà ní ìbú, 2160 lóròó, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin Full HD tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò wá síbi tí àléébù máa sá sí mọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú kì í ṣe ti fíìmù o, ti tíífí gan-an ni. Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, wọ́n ti tan ohun tó ń mú kí àwòrán máa yọ̀ lọ geere. Fíìmù tó pọ̀ jù, àwòrán 24 ló ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tíífí á wá máa hùmọ̀ àwòrán tiẹ̀, á máa tì í bọ àárín àwọn tòótọ́. Há! Ẹranko ńlá tó yẹ kó máa fi ìwúwo rìn kàn ń fò kiri ni, aṣọ òṣèré hàn pé aṣọ eré ni, ẹ̀ẹ́ rò pé ẹ dúró níbi tí wọ́n ti ń yà á. Sẹ́tìnì yẹn ni òṣèré Tom Cruise àti olùdarí fíìmù Christopher McQuarrie ṣe fídíò nípa ẹ̀ lọ́dún 2018 pé ká pa á, òótọ́ ni wọ́n sì sọ jàre. Sharpness náà, ìyẹn sẹ́tìnì tó ń mú kí etí nǹkan hàn ketekete, wọ́n ti gbé e sókè jù, ó ń fa ìlà tín-ín-rín yí gbogbo nǹkan ká, tí òṣèré bá ti dúró síwájú ìlú tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe, ńṣe ló dà bíi fọ́tò tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ pépà. Mo fà á wálẹ̀ sí òdo, mo kúrò ní Vivid tí àwọ̀ ẹ̀ ń pariwo, mo bọ́ sí Filmmaker Mode tó ń fi fíìmù hàn bí ẹni tó ṣe é ṣe fẹ́ ẹ, ara tù mí.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rò pé sẹ́tìnì nìkan ni, rárá o. Ọ̀pọ̀ fíìmù tí wọ́n kọ 4K sí lára, 2K, tí píksẹ́lì ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti 4K, ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ idán ẹ̀, wọ́n kàn fẹ̀ ẹ́ nígbà tó yá ni. Ẹ máa rí ihò ara lójú òṣèré, irùngbọ̀n ẹ̀ ẹ lè kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọkọ̀ òfuurufú bá ṣe wọlé báyìí, àwòrán á rọ̀ díẹ̀, ẹ̀ẹ́ ti mọ̀ pé idán ti dé kó tó ṣe nǹkan kan. Ibi irun ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, àwọ̀ ewé látara aṣọ ẹ̀yìn tí wọ́n fi yà á, tó yẹ kí kọ̀ǹpútà ti yọ kúrò, ṣì wà létí ẹ̀. HDR, ìyẹn ohun tó ń mú kí ibi tó mọ́lẹ̀ túbọ̀ mọ́lẹ̀, kí ibi tó ṣókùnkùn sì túbọ̀ dúdú, tún wá dá kún un: iná ìbúgbàmù mọ́lẹ̀ débi pé ó ń ta mí lójú, ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò sì tàn rárá.

Fíìmù àtijọ́ ńkọ́? The War of the Worlds ti 1953, wáyà tí wọ́n fi so ọkọ̀ àwọn ará Mars rọ̀ hàn ketekete lórí DVD, bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n fi hàn ní síníìmà láyé ìgbà yẹn ò mọ́ tó báyẹn, ó bò ó. Jurassic Park ti 1993 ní tiẹ̀ ṣì ń jà: níbi tí T. rex, dáínósọ̀ ńlá tó ń jẹran, ti jáde, òru ni, òjò ń rọ̀, T. rex yẹn sì jẹ́ ẹ̀rọ gidi láwọn ibì kan, ìmọ́lẹ̀ tòótọ́ ló ń bà á lára. Ibi tí ẹranko ọlọ́rùn gígùn ti ń jẹun lọ́sàn-án gangan ni mo ti rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ ilẹ̀.

Ẹ má sì tan noise reduction. Ó ń nu hóró-hóró ara fíìmù kúrò, hóró yẹn gan-an ló sì ń bo ojú ibi tí wọ́n ti so idán pọ̀ mọ́ ojúlówó.

Ohùn ẹ̀ ò lágbára, ẹ ra spíkà kún un. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, mo yọ ọ̀kan torí sẹ́tìnì burúkú tí wọ́n fi gbé e jáde, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n pa á máa rò pé fíìmù ni ò dáa.