16GB ni wọ́n kọ sára páálí, 9GB ni mo bá nínú rẹ̀: tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré tí èmi àti ẹ̀ ń bá ara wa fà á

Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn lórí fóònù ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yìí ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé. Òun ló ní kí n lọ fọ gbogbo inú tábúlẹ́ẹ̀tì mi nù bí ẹni fọ àwo.

Ẹ̀rọ kékeré olówó pọ́ọ́kú ni, Android, ààyè ìkẹ́rùsí 16GB, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń gbé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí) 2GB. Ẹ ti mọ irú rẹ̀, mi ò ní ka ẹ̀yìn páálí fún yín. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí update fi dé, ni ìkìlọ̀ bá jáde pé ààyè kò tó. Mo yọ fídíò, kò tó. Mo yọ áàpù tí mo fẹ́ràn, kò tó. Mo kó gbogbo àwòrán sórí mẹ́mórì káàdì, ó ṣì ku díẹ̀ káàtó. Látìgbà náà, bí mo bá ti tan án, ìkìlọ̀ yẹn ló máa kọ́kọ́ kí mi.

Mo pè wọ́n. Orin ni wọ́n fi dá mi lóhùn, orin kan náà, títí etí mi fi gbóná. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin yẹn gbé e.

“Ẹ káàsán mà. Ṣé ẹ ti pa á, kí ẹ tún un tàn?”

Mo ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn.”

Mo pa á, mo tún un tàn, ó ń gbọ́ mi. Ìkìlọ̀ ò lọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ń kà á síta, mo mọ̀ pé ó ń kà á ni: kí n dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí mo rà á, gbogbo ààyè á tú sílẹ̀. Mo bi í pé nínú 16GB tí wọ́n kọ sára páálí, mélòó gan-an ló jẹ́ tèmi? “16GB ni, mà.” Mo tún un bi. “16GB ni, mà.” Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn náà ni, kò yí padà rárá. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Mo kó ẹrù mi sórí kọ̀ǹpútà, mo fọ̀ ọ́. Nígbà tó tàn, tí kò sí ẹyọ lẹ́tà kan tèmi nínú rẹ̀, mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń wo ààyè: 7GB ti lọ. Android fúnra rẹ̀ àti àwọn áàpù tó bá a wá ló ti jókòó síbẹ̀. Mo pè padà. Ẹlòmíràn gbé e, ó ní kí n ra mẹ́mórì káàdì. Mo ní ó wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Mo pa fóònù kí n má bàa sọ ohun tí kò yẹ ẹnu àgbà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí, ibí ni kó dúró sí dáadáa. Káàdì máa ń gba àwòrán, orin, fídíò àti ìwé. Áàpù ni kì í sábà débẹ̀. Inú ẹ̀rọ ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ń kó pàǹtírí rẹ̀ sí. Káàdì 128GB lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo kí ẹ̀rọ ṣì máa pariwo pé òun ti kún.

Ìbínú ni mo gbé lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì kò jẹ́ kí n sọ ìdajì rẹ̀. “Ta ló ní kí ẹ fọ̀ ọ́, mọ́mì? Kò yẹ kí wọ́n ní kí ẹ ṣe ìyẹn. Ẹ jókòó.” Ó gbé àga fún mi. (Ẹni tó bá gbé àga fún mi ti jàre ìdajì ẹjọ́.)

Ó ṣí àwọn áàpù tó bá ẹ̀rọ wá, tí mi ò lò rí. Ó ní lóòótọ́ wọn ò ṣeé yọ, àmọ́ gbogbo update tí wọ́n ń gbà lábẹ́lẹ̀, ààyè tèmi ni wọ́n ń dì í sí. Ó yọ update náà kúrò lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dá wọn dúró kí wọ́n má tún gbà á. Mo ń wo bí ààyè ṣe ń ṣí sílẹ̀. Ó wá bi mí bóyá mo máa ń yọ káàdì mi lò níbòmíràn. Mo ní rárá. Ó ní láti Android 6, ọdún 2015, ni èèyàn ti lè sọ káàdì di ara ẹ̀rọ pátápátá kí áàpù lè wọ inú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń tì í pa, tèmi ṣí. Ó kìlọ̀ dáadáa: ohun tó wà lórí káàdì yóò kọ́kọ́ pa rẹ́, kò ní ṣeé kà nínú ẹ̀rọ mìíràn mọ́, bí mo bá sì yọ ọ́ lójijì, àwọn áàpù tó wà nínú rẹ̀ ò ní ṣí. Kì í sì í ṣe gbogbo áàpù ló ń gbà kí èèyàn kó òun lọ sórí káàdì. Ó yí káàdì mi wò, ó ní kò ní àmì A1, àmì tó ń fi hàn pé káàdì yá tó láti gbé áàpù, yóò máa fà. Kí n wá èyí tó ní A1 tàbí A2, kí n sì ṣọ́ra fún ayédèrú, tó máa pe ara rẹ̀ ní 128GB, tí ohun tí èèyàn bá kó kọjá agbára rẹ̀ á kàn bàjẹ́. Káàdì wà nínú gíláàsì níwájú rẹ̀ o, kò fi lọ̀ mí.

Update wọlé lójú mi níbẹ̀.

Báyìí, ẹ̀rọ yìí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọwọ́ kan gbà á. Ìwé EPUB kan (irú ìwé tí wọ́n ń kà lórí ẹ̀rọ), bí àwòrán ò bá pọ̀ nínú rẹ̀, kì í sábà ju 1MB tàbí 2MB lọ, nítorí náà ìwé tí mi ò ní kà tán láyé mi ló wà nínú rẹ̀. Orin wákàtí kan ní 128kbps, ìyẹn orin tí wọ́n fún pọ̀ kó má gba ààyè púpọ̀, bí 60MB ni. RAM yẹn ṣì ń dá mi lágara: kí n yà wo nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n tó padà, ìwé tí mò ń kà ti pa dé, ó tún ń ṣí látìbẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Géèmù ńlá, ẹ má tilẹ̀ dán an wò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tan án, kó ṣí ibi ààyè, kí ẹ fi ojú ara yín rí iye tó ṣẹ́ kù. Ẹ tún béèrè bóyá ó gbà kí káàdì di ara ẹ̀rọ. Bó bá kọ̀ láti tan án, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un. 3 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọmọbìnrin yẹn. Bí owó yín bá ká 32GB, ẹ má ra èyí.