Ogun Goražde nínú ìwé àwòrán Joe Sacco

Àgbàlagbà ni kẹ́ ẹ ra ìwé yìí fún, ẹ má rà á fún ọmọdé. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí pé bí àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Sábó, n'Íkòròdú níbí, bá ti rí àwòrán nínú ìwé, àárín ìwé àwọn ọmọ jéléósinmi ni wọ́n ń kó o sí. Ibẹ̀ náà ni mo ti fa tèmi yọ. Ẹni tó bá ṣí i dé ibi tí àwọn tó sá kúrò ní Višegrad, ìlú kan ní Bosnia, ti ń ròyìn bí wọ́n ṣe ń dúńbú èèyàn lórí afárá, tí wọ́n ń ju òkú wọn sínú odò Drina, kò ní fi í sílẹ̀ níbi tọ́wọ́ ọmọ lè tó.

Safe Area Goražde lorúkọ ìwé náà. Joe Sacco, ọmọ bíbí Malta tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, òun náà ló ya gbogbo àwòrán rẹ̀ ní dúdú àti funfun. Iṣẹ́ ìròyìn ló kọ́ ní yunifásítì. Ọdún 2000 ni ìwé náà jáde, ó sì gba Eisner, àmì-ẹ̀yẹ ńlá tí wọ́n ń fún ìwé àwòrán ní Amẹ́ríkà, lọ́dún kejì.

Goražde jẹ́ ìlú kan létí odò Drina, ní ìlà-oòrùn Bosnia. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1992, àwọn ọmọ ogun ẹ̀yà Serb sì dó ti àwọn Mùsùlùmí tó wà nínú ìlú náà. Ní 1993, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé abẹ́ ààbò àwọn ni Goražde àti Srebrenica àtàwọn ìlú mìíràn wà. Ààbò náà kò kọjá orí ìwé. Ní oṣù Keje 1995, Srebrenica bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ọkùnrin àti ọmọkùnrin tí wọ́n pa níbẹ̀ lé ní 8,000. Goražde kò bọ́. Ìparí ọdún yẹn ni Sacco bá ọkọ̀ Àjọ náà wọ ìlú.

Ohun tó mú mi nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó jókòó ti àwọn èèyàn náà. Ó sùn sílé wọn, ó bá wọn jẹ, ó bá wọn mu. Àwọn ọmọbìnrin ìlú ń bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn ra ṣòkòtò Levi's 501 bọ̀ láti Sarajevo. Òun lè lọ kó sì padà. Edin tó ń ṣe ògbufọ̀ fún un kò lè lọ. Sacco kò fi ìyẹn pamọ́. Ó ya ara rẹ̀ pẹ̀lú awò ojú tó funfun báláú, kò sí ẹyinjú lẹ́yìn rẹ̀, ojú àwọn ará ìlú nìkan lẹ ó máa rí kedere.

Ẹ wo ibi tó ya iná mànàmáná sí. Wọ́n ti gé iná ìlú náà, làwọn èèyàn bá kan kẹ̀kẹ́ alábẹ̀bẹ̀, wọ́n gbé e sórí ohun tó ń léfòó lójú odò, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ kí omi má baà gbé e lọ. Bí odò bá ti ń yí i ni iná ń wá, wáyà a sì gbé e wọlé. Èmi tí ilé mi kò jìnnà sí Ẹgbin, tí mo sì ń tan jẹnẹrétọ̀ lálaalẹ́, mo pẹ́ lójú ewé yẹn gan-an.

Ibi tí àwòrán ti ju kámẹ́rà lọ ni ìrìn Grebak, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń lọ gbé oúnjẹ. Lóru, nínú yìnyín, àwọn ará ìlú a gba orí òkè kọjá láàárín àwọn ọ̀tá lọ ru oúnjẹ wá. Òtútù pa ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Sacco kò sí níbẹ̀. Ẹnu àwọn tó lọ ló ti gbọ́ ọ kó tó yà á. Etí ewé dúdú ló fi ń sọ fún wa pé ohun àná là ń wò, funfun ni ti òní. Ó rán mi létí ìdótì tiwa: ní 1865, Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú yìí, títí àwọn ọmọ ogun tí Glover, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, kó wá láti Èkó fi lé wọn. Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn èdè Yorùbá, ń jáde ní Abẹ́òkúta nígbà náà, lọ́dọ̀ àwọn tó dó tì wá. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa níléèwé ni Glover àti ìbọn rẹ̀. Ìyá tó ń wá ohun tí yóò sè lábẹ́ ìdótì kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú ìyá yẹn gan-an ló kún inú ìwé yìí.

Mo ní ẹ̀sùn kan. Ohùn àwọn Serb kéré jù. Òótọ́ ni pé àárín àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n dó tì ló wà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò tó gbé ìbọn sí aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tún pọ̀ lójú àwòrán mìíràn, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré. Síbẹ̀, ẹni tó bá rántí àwọn oníròyìn Nàìjíríà méjì, Krees Imodibie ti The Guardian àti Tayo Awotusin ti Champion, tí wọ́n pa nígbà tí wọ́n lọ ròyìn ogun Liberia ní 1990, á mọyì ohun tó ń náni láti wọ irú ìlú bẹ́ẹ̀.

Ẹ ra ti bébà. Lórí fóònù, àwòrán tó gba ojú ewé méjì á gé sí méjì, ẹ kò sì ní rí lẹ́tà kà. Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ ṣí àárín rẹ̀ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, torí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn tèmi ti ń já.