Destiny 2: Máàkì rere fún géèmù tí kò sí mọ́

85 nínú 100 ni àròpọ̀ máàkì tí àwọn oníròyìn géèmù fún Destiny 2 lórí Metacritic, ìkànnì tó ń ṣe àròpọ̀ máàkì àwọn alágbèéyẹ̀wò, ẹ̀dà PS4, nígbà tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Ti àkọ́kọ́ tó jáde ní 2014 kò ju 76 lọ. Ẹni tó bá wo máàkì méjèèjì á rò pé Bungie, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ti tún gbogbo ohun tó wọ́ nílẹ̀ ṣe. Èmi tí mo ti ń yìnbọn níbẹ̀ látìgbà náà, tí mo ṣì ń wọlé sí i títí di òní, mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò lórí 85 yẹn.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: géèmù ìbọn ni, tí íntánẹ́ẹ̀tì ò bá sí kò lè ṣí, ìkógun sì ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ẹ pa ọ̀tá, ìbọn tàbí ìhámọ́ra já bọ́ lára rẹ̀, ẹ mú un lò, agbára yín lé sí i, ẹ lọ kojú ọ̀tá tó le ju ti àná lọ. Ohun tó ń mú èèyàn pa dà lálẹ́ ọjọ́ kejì ni ìrètí pé ìbọn tó ti ń wá látọjọ́ yìí lè já bọ́ lónìí.

Ohun tí wọ́n yìn lọ́dún 2017 tọ́ sí ìyìn, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ìtàn géèmù àkọ́kọ́ dà bí ìwé tí wọ́n fa idajì ojú ewé rẹ̀ ya. Ẹ ní láti jáde kúrò nínú géèmù, kí ẹ lọ ka káàdì lórí ìkànnì wọn, kí ẹ tó mọ ẹni tí ẹ̀ ń bá jà. Ti èkejì ò rí bẹ́ẹ̀. Ghaul, olórí ogun Red Legion, ya wọ Ìlú Ìkẹyìn, ó fi irin de Traveler, ìyẹn bọ́ọ̀lù funfun ràgàjì tó ń fún àwọn Guardian, ìyẹn àwọn jagunjagun bíi tiyín, ní agbára tí wọ́n ń pè ní Ìmọ́lẹ̀, ó wá tì yín sísàlẹ̀ láti orí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀. Ẹ jí sáàárín àwókù, agbára ti lọ, ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fò bí ẹyẹ lánàá! Cayde-6, ọ̀kan nínú àwọn olórí Guardian, tí Nathan Fillion fọhùn fún, ń pa wá lẹ́rìn-ín, ohùn Lance Reddick tó di olóògbé ní 2023 sì fún Zavala, olórí mìíràn, ní iyì àgbà. Ní ti ìbọn yínyìn, ilé iṣẹ́ tó ṣe Halo ni wọ́n, ó sì hàn. Tí ìbọn tó ń jẹ́ Sunshot bá pa ọ̀tá kan, ọ̀tá náà á bú gbàmù sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Riskrunner sì máa ń fẹ́ kí ọ̀tá fi mànàmáná lu ẹni tó gbé e dání, kó lè rí tirẹ̀ ta pa dà.

Ọ̀rọ̀ kàn wà níbì kan. Ẹ lè parí ìtàn náà ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, raid, ìjà ńlá tí èèyàn 6 ń jọ lọ, ṣí lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn tí géèmù jáde, àwọn alágbèéyẹ̀wò kọ máàkì wọn sílẹ̀, wọ́n kọjá sórí géèmù mìíràn. Wọ́n fi ìtọ́wò ṣe àjẹyó. Àwa tó kù la rí i pé ìkógun gan-an ni wọ́n bà jẹ́. Nínú ti àkọ́kọ́, ìbọn méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè ní ìwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan á yára kì, èkejì á máa bú ní orí ọ̀tá. Ní 2017, ìbọn Better Devils tí ẹ rí lónìí kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ máa rí lọ́la rárá. Ẹ ti ní in, ó tán, ẹ̀dà kejì di pàǹtí. Kí la wá tún ń jagun fún?

Wọ́n kó ìbọn ńláńlá bíi shotgun àti sniper tí wọ́n fi ń yìn láti òkèèrè sínú àyè kan náà pẹ̀lú rọ́kẹ́ẹ̀tì, tó fi jẹ́ pé ìbọn kéékèèké méjì la ń gbé kiri. Crucible, níbi tí àwọn tó ń gbá géèmù ti ń bá ara wọn jà, dín kù láti èèyàn 6 sí 4 lápá kan, kálukú so mọ́ra bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ìbọn MIDA Multi-Tool ni gbogbo wọn gbé dání. Aró tí wọ́n fi ń kun ìhámọ́ra, tó jẹ́ pé tí ẹ bá ti ní in tẹ́lẹ̀ ẹ lè lò ó títí ayé, di ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ sì mọ ibi tí ọ̀nà aró máa ń já sí: ṣọ́ọ̀bù Eververse, níbi tí wọ́n ti ń gba owó gidi.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, àwọn kan tó ń gbá géèmù náà jókòó ṣe ìṣirò, wọ́n rí i pé XP, ìyẹn máàkì ìrírí, tí géèmù ń fúnni lóòótọ́ kò tó èyí tó ń kọ sójú, tí èèyàn bá ti ń gbá a kíákíá. Bungie gbà, wọ́n yọ àdínkù náà. Lójú ẹsẹ̀ kan náà ni XP tí èèyàn nílò láti gun lẹ́fẹ́ẹ̀lì kan kúrò ní 80,000, ó di 160,000, wọn ò sì kéde rẹ̀. Èmi ò mọ̀gbà tí mo bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí Curse of Osiris, àfikún tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, dé ní oṣù kejìlá, ìpele Prestige ti raid, èyí tó le jù, wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò ra á, títí ariwo fi jẹ́ kí wọ́n ṣí i pa dà. Metacritic ò yí padà o. 85 ṣì wà níbẹ̀.

Ibi tí mi ò lè bú géèmù yìí dé ni raid fúnra rẹ̀. Leviathan ni raid àkọ́kọ́ nínú Destiny 2, ọkọ̀ òfurufú gbàràmù tí Calus, ọba Cabal (ẹ̀yà tí Ghaul ti wá) tí wọ́n rọ̀ lóyè, fi ṣe ààfin. Èèyàn 6 ló ń wọ̀ ọ́, géèmù ò ní sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí. Nínú àwa tí a jọ ń lọ, àwọn kan wà n'Íbàdàn, àwọn kan ní Peckham, ẹnì kan ní Houston, Yorùbá la sì ń sọ sí máíìkì. Lọ́dọ̀ Calus, àwọn kan á bọ́ sínú òkùnkùn, wọ́n á rí àmì, wọ́n á pariwo rẹ̀ sí àwọn tó kù ní gbọ̀ngán: ajá, ife, àáké, oòrùn. Ẹ wá gbọ́ ìjà!

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí?”

“Àáké! Mo ní àáké!”

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

Ìgbà yẹn gan-an ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ará Ìbàdàn á já, tàbí kí iná lọ kí jẹnẹrétọ̀ má tíì gbà, a ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ tí Calus ṣubú, ẹni tó dàgbà jù nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀ ní oríkì. Kò sí alágbèéyẹ̀wò tó lè fi máàkì wọn ìyẹn.

Àfikún Forsaken ló tún ilé ṣe, ní 4 oṣù kẹsàn-án 2018. Ìwà ìbọn tún di oríṣiríṣi, àyè ìbọn tú sílẹ̀, Dreaming City àti raid Last Wish dé. Wọ́n pa Cayde-6 ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, inú sì bí mi dé ibi tí mo fi lé Uldren tó pa á dópin láìsùn. Bí ẹ bá bi mí, Destiny 2 tó yẹ kí wọ́n tà ní 2017 nìyẹn, ọdún kan gbáko sì ti lọ.

Ní 10 oṣù kọkànlá 2020, ọjọ́ tí àfikún Beyond Light jáde, Bungie yọ ìtàn Ghaul kúrò pátápátá. Nínú àwọn ayé tí a ti ń jà, Io lọ, Titan lọ, Mercury àti Mars lọ, Leviathan náà bá wọn lọ. Wọ́n ní géèmù ti tóbi jù, ó sì ti ń ṣòro láti tọ́jú. Ní oṣù kejì 2022, ìtàn Forsaken náà tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n fún ní 85, tí àwọn èèyàn sì fowó gidi rà, kò sí ibi tí ẹ ti lè gbá a lónìí. Nígbà tí òǹkọ̀wé kan pe Bungie lẹ́jọ́ ní Louisiana pé wọ́n jí ìtàn òun fi ṣe ti Ghaul, fídíò YouTube ni Bungie gbé síwájú ilé ẹjọ́, nítorí pé géèmù náà fúnra rẹ̀ kò ṣeé ṣí mọ́. Ẹ gbà mí o!

Láti 1 oṣù kẹwàá 2019 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́, ẹ lè gbé e wálẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, àfi owó dátà, nítorí ó lé ní 100GB. Ẹni tuntun á sọnù díẹ̀, torí ìtàn tí wọ́n ń tọ́ka sí ti pẹ́ tí wọ́n ti kó o lọ. Tí ẹ bá fẹ́ náwó, ẹ ra The Witch Queen ti 2022 àti The Final Shape ti oṣù kẹfà 2024, tó parí ìjà Ìmọ́lẹ̀ àti Òkùnkùn bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì dá Cayde-6 pa dà fún wa, ohùn Fillion sì ni. Lightfall ti 2023, ẹ lè fò ó. Ìtàn rẹ̀ ò lórí kò nídìí. Ẹ má ra èyíkéyìí ní iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé e, torí ẹ̀dínwó máa ń dé léraléra, kí ẹ sì wá èèyàn márùn-ún tí ẹ máa bá wọ raid kí ẹ tó san owó náà.